Òkúta Tó Gbé Baálẹ̀ Ṣubú

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? A ń pa á nílé, a ń pa á níbi ìpàdé, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń pa á nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣubú rárá. Ṣùgbọ́n ta nínú yín ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣubú, àti ohun tí ẹni tó ṣubú tẹ̀ lé e rí nígbà tó bojú wẹ̀yìn? Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìmọ̀fẹ̀.

Ìmọ̀fẹ̀ jẹ́ ìlú kan lórí òkè, odò Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀ sì ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà kan, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ajíbóyè joyè Baálẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti ṣòwò dé ọ̀nà jíjìn kí oyè tó kàn án, ó ti rí ọjà ńláńlá tí ẹsẹ̀ kò gbèrò, ó sì ti pinnu pé Ìmọ̀fẹ̀ náà yóò ní irú rẹ̀. Ó lawọ́, ó yá mọ́ni, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní sùúrù fún, ìyẹn ni ìtàn àtijọ́. Àṣà Ìmọ̀fẹ̀ ni pé kí ìgbìmọ̀ tó dá ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀, àgbà kan yóò kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe rí láyé àwọn baba wọn. Kò ju oṣù méjì lọ tí Baálẹ̀ gorí oyè tó fi òpin sí i.

"Ẹ̀yin baba mi," ó wí, "àwọn tó ti lọ ti ṣe tiwọn. Àwa tó wà láyè la fẹ́ jẹun. Ìtàn kì í kún inú."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn lójú. Ọ̀tún Láṣebìkan, tó dàgbà jù nínú wọn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kàn fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa náà, Baálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Ibi tí ọkàn Baálẹ̀ wà fún ọjà náà ni Pápá, ilẹ̀ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìdí òkè títí dé etí odò. Kò sí àpáta níbẹ̀, kò sí igi ńlá, kò sí ẹni tó ń dáko níbẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lásán, tí gbogbo ìlú sì há mọ́ra lórí òkè bí iṣu inú agbọ̀n. Ó béèrè ìdí, wọ́n ní, "A kì í lò ó." Ó tún béèrè ohun tó fà á, kò sí ẹni tó rántí. Ẹ̀rín pa á. Ó pàṣẹ kí wọ́n gé igi tí wọn yóò fi pa àtíbàbà ọjà, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú tó yí wọn ká pé kí wọ́n máa bọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀, tọkùnrin tobìnrin sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Pápá pẹ̀lú orin. Baálẹ̀ ń yan fanda, ó ń fi ìka tọ́ka kiri: ibí ni ìsọ̀ aláṣọ, ọ̀hún ni ti oníṣu. Ibi tó ti ń tọ́ka ló ti fẹsẹ̀ kọ nǹkan nínú koríko, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbì! Kíá ló ti fò dìde. Ó wo iwájú, bóyá àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ti sáré ṣáájú lọ sétí odò kò rí i. Wọ́n ti rí i. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn agbádá rẹ̀ nù, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí Ọ̀tún Láṣebìkan tẹ ọ̀pá rẹ̀ dé ibẹ̀. Òun náà fẹsẹ̀ kọ ọ́, ó fìdí jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Ariwo ta: "Yéè! Baba ṣubú o!" Àwọn èèyàn sáré wá láti gbé e.

"Ẹ má tíì gbé mi," ni Baba wí. Ó yí ọrùn padà, ó ń wo ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ohun tó gbé mi ṣubú."

Baálẹ̀ ti padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba. Òkúta lásán ni. Èmi náà fẹsẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ fẹsẹ̀ kọ ọ́, ẹ kò sì wò ó?"

"Iwájú ni mò ń wò, Baba."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀," Baba dáhùn, ó ti ń fi ọ̀pá họ ilẹ̀. "Àmọ́ òkúta yìí kò sí níwájú."

Baálẹ̀ kúnlẹ̀, ó bá a họ ọ́, torí kò yẹ kí àgbà máa họlẹ̀ kí ọmọdé máa wòran. Etí òkúta náà nìkan ló yọ síta. Ìyókù wà nínú iyanrìn odò, ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, kí ni wọ́n rí? Ọlọ ni! Ọlọ ìlọta, tí àárín rẹ̀ ti jìn kòtò. Ọmọ ọlọ pàápàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo èèyàn ń bi ara wọn léèrè. Ta ló gbé ọlọ wá sí pápá tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí? Odò sì rèé lọ́ọ̀ọ́kán, báwo ni iyanrìn rẹ̀ ṣe rìn dé ibí?

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá arúgbó tó máa ń ki ìlú lọ́jọ́ ọdún, bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa inú ọlọ náà. Ó ní, "Eléyìí ti lọ ata fún ju ìyàwó ilé mẹ́ta lọ kó tó jìn báyìí." Ó nàró, ó ronú díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì Ìmọ̀fẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ:

"Ìmọ̀fẹ̀, ọmọ a-fi-ìsàlẹ̀-sílẹ̀-gòkè,
Ọmọ a-fi-pápá-fún-odò-jẹ.
Odò wá, a gòkè;
Odò lọ, a gbin kókò."

Orí Baálẹ̀ wú. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ oríkì yìí. Ó jó sí i títí lọ́jọ́ tó joyè, ó sì rò pé wọ́n kàn ń fi yẹ́ òun sí ni.

"Ìyá," ó béèrè, "ṣé lóòótọ́ ni odò náà wá?"

"Ìyá ìyá mi ní ẹ̀yìn ni wọ́n pọn òun sí tí wọ́n fi sá gòkè. Mo rò pé àlọ́ ló ń pa fún mi ni."

Ògúnrìndé, olórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, kò fẹ́ gbọ́. "Baálẹ̀, ayé ìyá ìyá Ìyá Àwẹ̀ró kọ́ la wà yìí. Igi ti wà nílẹ̀. Kí la fẹ́ sọ fún àwọn ìlú tí a ti pè?"

Baálẹ̀ wo Pápá lọ, ó wò ó bọ̀. Ó dùn ún, torí ilẹ̀ náà wù ú gan-an. Ó wo ọlọ náà, ó mí kanlẹ̀, lójijì ló bú sẹ́rìn-ín.

"A ó sọ fún wọn pé Baálẹ̀ ṣubú, ó sì ti dìde. Ẹ gbé igi lérí, ó dorí òkè!"

Wọ́n kùn títí wọ́n fi gbé igi náà gòkè. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ òkè ní àkàsọ̀ àkàsọ̀, wọ́n pa àtíbàbà ọjà síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fi Baálẹ̀ kọrin pé ó ń sá fún odò tí kò lé e. Bí wọ́n bá ti ń kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jó o.

Nígbà òjò ọdún kẹta, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, ọ̀sán gangan, ọjà kún fọ́fọ́, odò Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀ ru, ó bo Pápá láti etí kan dé èkejì. Ẹni tó ń ná ọjà gbàgbé iye tó ti ná an dé. Igi ńlá kan tí omi hú tigbòǹgbò tigbòǹgbò ń léfòó kọjá lọ, ni Ògúnrìndé bá ké láti orí òkè pé: "Ẹ má jẹ́ ó gbọ̀nà yẹn! Ìsọ̀ aláṣọ nìyẹn!"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀ ní gbogbo ọjà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Kò sí ọmọ tó sọnù, kò sí ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó bómi lọ. Baálẹ̀ wá Ọ̀tún Láṣebìkan lọ síbi tó jókòó sí, ó dì mọ́ ọn.

Nígbà tí odò fà, ó fi ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá sílẹ̀ lórí Pápá. Wọ́n gbin kókò sí i bí oríkì ti wí, kókò náà sì ta bí orí ọmọ. Àwọn ará ìlú mìíràn ń wọ́ wá rà á, débi tí ọjà orí òkè fi di ọjà tí ẹsẹ̀ kò gbèrò. Baálẹ̀ ìlú kejì béèrè lọ́wọ́ Ajíbóyè pé, "Ta ló kọ́ yín lọ́gbọ́n yìí?" Ó ní, "Ọ̀tún mi ni. Èmi ṣubú, mo wo iwájú. Baba ṣubú, ó wo ẹ̀yìn." Àwọn tó gbọ́ ọ gbé e délé, bó ṣe di òwe nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí olórí kan bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan tuntun láì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti dáwọ́ lé irú rẹ̀ rí, tàbí tí àṣìṣe kan náà bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, àwọn àgbà a máa sọ pé, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Wọn kì í fi bú ọmọdé. Ẹni tó wo iwájú kò jẹ̀bi, iwájú kúkú ni gbogbo wa ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ni ṣubú, ẹ̀yìn ló máa ń wà.