Ọwọ́ Ọ̀tún Mofẹ́yìntolú

Ìgbà kan wà ní Ìdófìn-Àlápà tí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì kò lè gba gáréèjì kọjá kí wọ́n má fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pè é ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Àwọn oníwàásù a gun orí àga, wọn a na ìwé mímọ́ ìjọ náà sókè, wọn a ní irọ́ ni láti èèpo dé èèpo. Àwọn onílé ń lé wọn jáde. Àwọn ọmọ wọn ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ìjọ náà kéré bí ọwọ́ ọmọ tuntun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò rí ọdún tó ń bọ̀.

Nínú ìnira yìí ni Mofẹ́yìntolú dìde, opó, tíṣà ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, abẹ́rẹ́ tó kéré tí kì í ṣe mímì fún adìẹ, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, síbẹ̀ tí ariwo kankan kò lè bò ó. Ó pe àwọn díẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Olùdáhùn sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi sùúrù dáhùn ohun tí ayé ń sọ sí ìgbàgbọ́ wọn. Wọ́n yá àṣà ìjọ lò láti fi yan olùdarí: lọ́dọọdún, akọ̀wé a ka orúkọ rẹ̀ sétí ilé, ẹni tó bá fọwọ́ sí i a na ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà, akọ̀wé a ní kí ẹni tó bá lòdì nawọ́ bákan náà. Mofẹ́yìntolú fi òfin kan kún un, pé bí ọwọ́ kan ṣoṣo bá lòdì, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sórí àga. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò lòdì láàárín ọmọ ìyá?

Ìdáhùn wọn so èso, ariwo gáréèjì sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó wá lẹ́yìn náà kò bú ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹ̀bùn ló gbé lọ́wọ́. Olóyè Gbólágún, oníṣòwò símẹ́ǹtì, ọmọ ìjọ náà ni. Ó kọ́ gbọ̀ngàn fún ẹgbẹ́, ó ra jẹnẹrétọ̀, ó ń san owó oṣù àwọn òǹkọ̀wé. Kò pẹ́ tí ahọ́n àwọn òǹkọ̀wé náà fi hu ẹ̀gún. Wọn kò dáhùn ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bù jẹ. Àgbà tó bá ní ó tó gẹ́ẹ́, wọn a gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ rẹ̀. Adégòróyè, tí Mofẹ́yìntolú fúnra rẹ̀ kọ́ níwèé, ló di olùdarí, ó sì di ọ̀pá lọ́wọ́ Olóyè.

Nígbà tó yá, wọ́n kọjú ọ̀pá náà sí àwọn ọmọ ìjọ tó ń béèrè ìbéèrè. Ìrètíolú, ọmọ kan ṣoṣo tí Mofẹ́yìntolú bí, wà lára wọn. Ó béèrè bí wọ́n ṣe túmọ̀ ìwé mímọ́ náà, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi ìjọ sílẹ̀. Nísinsìnyí wọ́n ń tẹ ìwé pélébé kan tí yóò pè é ní obìnrin tó kọ ilé ọkọ sílẹ̀ nítorí ìṣekúṣe. Bẹ́ẹ̀, lílù ló lé e jáde nílé ọkọ, Adégòróyè sì mọ̀, nítorí òun ni ọmọ náà fi omijé sọ ọ́ fún nígbà tó wá ìmọ̀ràn.

Ìròyìn ìwé náà dé etí Mofẹ́yìntolú. Ó ń rí ọmọ rẹ̀ lọ́kàn, tí wọ́n ń nàka sí i lójú pópó. Ó gba ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lọ.

"Ìyá wa, ẹ káàbọ̀," ni Adégòróyè wí. Kò dìde.

"Gòróyè, ohun tí ọmọ mi sunkún sọ fún ọ, ṣé òun lo fẹ́ yí padà tà fáráyé?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó bá kúrò, tó tún ń sọ̀rọ̀, ọ̀tá ni. Iṣẹ́ tí ẹ dá sílẹ̀ náà là ń ṣe."

Olóyè Gbólágún rẹ́rìn-ín níbi tó rọ̀gbọ̀kú sí. "Arábìnrin, ẹ lọ gbàdúrà fún ọmọ yín. Ẹni tó ń fún ajá ní eegun ló ń nàka sí ibi tí yóò gbó sí."

"Olóyè, ajá tó bá ń bu ọmọ onílé jẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe nílé tiyín?"

Ẹ̀rín náà gé. "Lọ́jọ́ ìpàdé, a ó yan Adégòróyè ní olùdarí títí ayé. Ìwé náà yóò jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ wá bá wa pàtẹ́wọ́."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Akọ̀wé ka orúkọ Adégòróyè, ọwọ́ ọ̀tún sì gòkè bí ọkà lóko. "Ẹni tó bá lòdì, kó nawọ́ bákan náà." Kò tíì sọ ọ́ tán tó ti ń ṣí ojú ìwé kejì, nítorí bí ẹni ń gbé oògùn kíkorò mì ni wọ́n máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ kankan níbẹ̀ rí.

Mofẹ́yìntolú nawọ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá rẹ̀ mú kó má bàa wálẹ̀.

"Akọ̀wé, dá ojú ìwé yẹn padà."

"Ìyá, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀," ni Adégòróyè wí láàárín eyín.

"Ìgbà tí o ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kí o tó lè kà á ni mo ti kọ òfin yìí. Ẹ ó gbọ́ ẹjọ́ mi."

"Ìyá apẹ̀yìndà!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jàre! Ṣé ìwọ lo bí i ni?" ni ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Mofẹ́yìntolú kò yí ojú padà. "Ẹ̀yin ará, gbogbo ọdún tí wọ́n fi bú wa ní gáréèjì, ọmọ ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa? Kò sí. Ẹ wá wo àwọn tó ti lọ láti ìgbà tí a ti ní jẹnẹrétọ̀. Ọ̀tá kọ́ ló lé wọn. Àwa la lé wọn, a sì ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìhòòhò ọmọ mi ni mo gbọ́dọ̀ fi ti ìgbàgbọ́ mi kó má bàa ṣubú, kó ṣubú! Àmọ́ mo mọ ohun tí mo gbà gbọ́. Kò bẹ̀rù ìbéèrè. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ̀rù."

Olóyè fò dìde. "Tèmi ni gbọ̀ngàn yìí! Tèmi ni àga tí ẹ jókòó lé! Ẹni tó bá wà lẹ́yìn obìnrin yìí, kó dìde lórí àga mi!"

Nígbà náà ni Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó Olóyè, dìde ní ìlà iwájú, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Abọ́sẹ̀dé! Ṣé orí rẹ pé?"

"Ó pé, Bàbá Dímèjì. Ọmọ wa kò wálé mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti ní kí wọ́n kọ̀wé bú òun náà. Ẹ ra àga fún gbogbo ayé. Ti Dímèjì ṣófo nílé yín."

Ẹnìkan dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kan dìde. Lẹ́yìn náà, ohun tí etí ń gbọ́ kò ju ìró àga lọ, títí ó fi ku Olóyè àti Adégòróyè nínú gbọ̀ngàn, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn wọn. Àwọn tí ìbá pín ìwé pélébé náà ti jáde. Ìwé náà kò dé ìgboro títí di òní.

Mofẹ́yìntolú ṣíwájú wọn lọ sórí àpáta Àlápà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dá oko sí nítorí ọkọ́ kò wọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ Ilé Ìdáhùn sí. Ó ṣe é ní èèwọ̀ pé kí ẹnì kan ṣoṣo má ṣe dá gbé òpó kan wá fún ilé náà. Ìdílé méjì ló ń pawọ́ pọ̀ ru òpó kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè wí lọ́la pé tòun ni.

Títí di òní, nínú ilé yẹn, bí akọ̀wé bá ti ní kí ẹni tó bá lòdì nawọ́, yóò pa ìwé dé, yóò sì jókòó. Gbogbo ilé a dákẹ́, wọn a máa gbọ́ afẹ́fẹ́ lórí àpáta. Ìjókòó Ìyá ni wọ́n ń pè é. Ìrètíolú kò padà sínú ìjọ, ìyá rẹ̀ kò sì fi tipátipá bẹ̀ ẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú ìyá náà, akọ̀wé béèrè, ó pa ìwé dé, ó jókòó. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni wọ́n gbọ́ ìró bàtà tó ń gun àpáta bọ̀. Ìrètíolú ló yọ lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé kò dìde títí ọmọ náà fi rí àyè jókòó.