Ẹfúnwùmí Afọwọ́pèèyàn

Kí Ìdágbá tó di ìlú tí a mọ̀ lónìí, orí òkè ni àwọn baba ńlá wa ń gbé, ìbẹ̀rù kùrukùru kò sì jẹ́ kí wọ́n fọkàn balẹ̀ níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kùrukùru funfun a máa wọ́ jáde láti inú pàlàpálá òkúta lówùúrọ̀, a sì bo gbogbo ilé. Inú rẹ̀ ni ohun kan ti máa ń pe èèyàn lórúkọ, ohùn ẹni tónítọ̀hún fẹ́ràn jù ni yóò sì fi pè é. Ẹni tó bá dáhùn yóò dìde, yóò rìn wọ inú funfun náà lọ láìwẹ̀yìn. Kò sí igbe, kò sí ẹ̀jẹ̀. Aṣọ ìbora nìkan ni wọ́n máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dún kan, ohun náà pe Ọdẹ́wálé. Ẹfúnwùmí ìyàwó rẹ̀ ń wò ó títí ó fi wọ inú kùrukùru lọ. Amọ̀kòkò ni obìnrin yìí, ẹ̀rù sì máa ń bà á débi pé kì í dá lọ sódò. Orin tó máa ń kọ fún Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ rẹ̀ kékeré, ni aládùúgbò fi ń mọ̀ pé ó wà nílé.

Baba Lákànlẹ̀, olórí ìlú, pe gbogbo wọn jọ. Ó ní, “Ẹ di ẹrù yín. Ibí yìí kì í ṣe tiwa mọ́. Àwọn tó lọ ti lọ.”

Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀. “Baba, ẹ má bínú. Ṣé ẹnikẹ́ni ti wá wọn lọ?”

“Ta ni yóò lọ? Ìwọ?”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Baba, ó ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ̀rù tán lára mi kí n tó lọ, mi ò ní lọ láéláé. Èèyàn wa ni wọ́n. Bí a bá kó lọ lónìí, ta ni wọn ó padà wá bá?” Ó gbé ọmọ rẹ̀ fún baba náà. “Ẹ bá mi dì í mú. Ẹ má jẹ́ kó dáhùn ohunkóhun.”

Nínú kùrukùru, kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú kọ́kọ́ pè é: “Ẹfún, ọmọ mi, omi ti gbóná, wá wẹ̀.” Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó feyín di ètè mú. Ohùn Ọdẹ́wálé náà pè é, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níwájú, tó ń kọ orin Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó ṣì ń rìn.

Lẹ́nu pàlàpálá ló ti bá wọn. Wọ́n dúró, ojú wọn là sílẹ̀, ìrì bò wọ́n lórí, ẹnu wọn ń mì láìsí ohùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó di ọwọ́ Ọdẹ́wálé mú, ó tutù bí amọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà di tirẹ̀ mú. Ó fa ọwọ́ ẹlòmíràn lé e, ó tún fa ti ẹlòmíràn, títí gbogbo wọn fi so kọ́ra.

Nígbà náà ni ohun inú kùrukùru sọ̀rọ̀: “Ohùn wọn ni mo fi ń sín ohùn gbogbo èèyàn jẹ. Bí o bá kó wọn lọ, ohùn wo ni mo fẹ́ máa fi pe èèyàn? Fún mi ní tìrẹ. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ kẹ́yìn ni yóò di tèmi.”

Ẹfúnwùmí la ẹnu. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó wù ú kó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá yé e pé bó bá pè é, ohun yìí yóò máa fi ohùn ìyá pe ọmọ náà ní gbogbo ọyẹ́. Ó gbé orúkọ náà mì. Ó kígbe pé, “Ẹ padà sílé!”

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àwọn yòókù bú sẹ́kún, ohùn wọn ti padà. Ó kó wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé, Mọ́rẹ́nikẹ́ sì sáré rọ̀ mọ́ ọn, ó ní, “Ìyá mi, ẹ kọrin.” Ẹfúnwùmí gbé e pọ̀n, ó ń fọwọ́ lu orin náà sí i lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Báyìí ló ṣáájú gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ òkè, ó nàka sílẹ̀, ibẹ̀ ni Ìdágbá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹfúnwùmí Afọwọ́pèèyàn, abẹ̀rù-má-sá, obìnrin tó fi ohùn ra ìlú! Títí dòní, Ìyálóde Ìdágbá kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó bá joyè. Ọwọ́ ló fi ń fa èèyàn kọ̀ọ̀kan wọ agbo. Bí ọdẹ bá sì ṣìnà dé orí òkè àtijọ́ lásìkò ọyẹ́, yóò gbọ́ ohùn obìnrin kan létí rẹ̀, jẹ́jẹ́, tó ń sọ fún un pé, “Ẹ padà sílé.” Ọdẹ náà a sì padà.