Ìdí Tí Ọgbẹ́ Fi Ń Wú, Tó Sì Ń Yún Ni Bó Bá Ń Jinná

Nígbà láéláé, nígbà tí ọgbẹ́ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wú, bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, yóò fà á yọ, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kò ní dùn ún. Kò ní gbóná. Ibẹ̀ kò tilẹ̀ ní pọ́n. Ẹ ó rò pé ìgbà yẹn dára, àbí? Kò dára o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúnṣínà, akọpẹ ni. Inú ara rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mo ní inú ara rẹ̀, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìlú ńlá ni ara ènìyàn. Awọ ni odi ìlú náà. Ọkàn ni ọba, kì í kúrò lórí ìtẹ́, kì í sì í sùn. Ẹ̀jẹ̀ ni odò tó gba gbogbo àdúgbò kọjá, orí odò náà sì ni àwọn ọmọ ogun ìlú ti ń wa ọkọ̀ wọn.

Ní àdúgbò Àtàǹpàkò, ní ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìyá arúgbó kan ń ṣọ́ bodè. Ìyá Afọwọ́mọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ kò ríran, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n ju ojú ẹlòmíràn lọ. Gbogbo ọmọ ìlú ló ń wọ aṣọ tí wọ́n hun nílùú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, ìyá á fọwọ́ pa etí aṣọ rẹ̀, á ní, "Tiwa ni. Máa lọ, ọmọ mi."

Àṣà kan wà ní ìlú náà tí wọn kì í fi ṣeré. Bí àlejò bá dé, ẹnì kan kò gbọdọ̀ bi í ní ohun tó bá wá, àfi tó bá jẹun yó, tó sì sinmi. Ìgbà náà ni àwọn àgbà yóò tó pé jọ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìpàdé wọn sì máa ń gbà tó ọjọ́ méje. Ẹni tó bá pariwo lé àlejò lórí kí ìpàdé tó parí, ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń lé e lọ, kò sì ní padà wọlé mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ògúnṣínà ń bọ̀ láti oko, ẹ̀gún ọ̀pẹ sì gún un ní àtàǹpàkò. Ó fà á yọ, ó jù ú nù, ó ń súfèé lọ. Kò mọ̀ pé ihò ti wà lára odi. Ihò kékeré yẹn ni Kòkòrò, tí ojú ènìyàn kò lè rí, gbà wọlé.

"Ẹ kú ilé o, ìyá," ni Kòkòrò wí. "Àlejò ni mí. Ìrìn àjò ti rẹ̀ mí, ebi sì ń pa mí."

"Káàbọ̀, ọmọ mi." Ìyá na ọwọ́ sí etí aṣọ rẹ̀. Aṣọ náà ń yọ̀, ó ní ọ̀rá lára, ó sì le. Kò sí ahunṣọ kan nílùú tó ń hun irú rẹ̀. "Irú aṣọ wo nìyí?"

"Aṣọ ìdílé wa ni."

"Bọ́ ọ, kí n bá ọ sá a sóòrùn."

"Háà, rárá o!" Kòkòrò fò sẹ́yìn. "Ìyá, bí mo bá bọ́ aṣọ yìí, kíkú ni mo máa kú."

Ìyá rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ bodè Ọmọńdinrín. Lọ́dún tó kọjá, irú aṣọ yìí kọjá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, ọ̀rẹ́ náà sì sọ fún ìyá pé aṣọ náà ń yọ̀. Wọ́n fún àlejò lóúnjẹ, wọ́n ń ṣe ìpàdé. Kí ìpàdé tó parí, gbogbo àdúgbò Ọmọńdinrín ti jẹrà, ó sì já bọ́ tòun ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìka mẹ́sàn-án ló kù lẹ́sẹ̀ Ògúnṣínà.

Wọ́n gbé oúnjẹ fún Kòkòrò. Kí wọ́n tó kó àwo kúrò nílẹ̀, ó ti di méjì. Kí wọ́n tó fọ àwo tán, wọ́n ti di mẹ́rin. Kí ẹ tó sọ pé kí ni mo wí, wọ́n ti kún ilé, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òpó.

Ìyá tọ Bàbá Iṣan lọ, olórí àdúgbò. "Bàbá, ibo ni ìpàdé dé?"

"Ẹ fi sùúrù ṣe é, ìyá. Ọjọ́ kejì péré nìyí."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ṣì ń bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀."

Ìyá padà sí bodè. Ẹ̀rù bà á gan-an. Bó bá pariwo, wọn á lé e kúrò nílùú tó ti ń gbé láti kékeré. Bí kò bá pariwo, Àtàǹpàkò á bá Ọmọńdinrín lọ. Ó gbọ́ tí òpó kan ń ya. Ó ṣí ẹnu, ó sì figbe ta.

"Ẹ gbà mí o! Aṣọ àjèjì ti wọlé o! Ẹ̀yin ará ojú omi, ẹ máa bọ̀ ní Àtàǹpàkò!"

Àwọn ọmọ ogun gbọ́, wọ́n yí ọkọ̀ padà. Odò Ẹ̀jẹ̀ kún, ó bo bèbè kí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, ni àdúgbò bá pọ́n wẹ̀ẹ̀. Wọ́n dá iná ogun, ni ibẹ̀ bá gbóná. Èrò pọ̀ débi pé odi ìlú wú síta. Ariwo ìyá sì gun òkè lọ títí ó fi kan orí Ògúnṣínà.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!" ni Ògúnṣínà ké. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Abẹ́ní ìyàwó rẹ̀ sáré dé, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, baálé mi," ló wí. "Oko ò ní sá lọ."

Ó sì jókòó. Nínú ìlú, gbogbo ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ń yọ̀ ni àwọn ọmọ ogun gbé mì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò ku ẹyọ Kòkòrò kan. Àmọ́ ìyá kò mọ̀, ó ṣì ń pariwo. Iná ṣì ń jó, omi ṣì ń wọ ilé onílé.

Inú bí Bàbá Iṣan. Ó fi ọkọ̀ gbé ìyá lọ síwájú Ọba Ọkàn. "Kábíyèsí, ó pariwo lé àlejò lórí. Ó tún jẹ́ kí wọ́n sun ògiri mi!"

"Ìyá, ṣé ẹ mọ òfin?" ni ọba bèèrè.

"Mo mọ̀ ọ́n, Kábíyèsí. Mo sì mọ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọ́ Ọmọńdinrín."

Bàbá Iṣan wolẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọ̀tá ni, nígbà tí àwọn àgbà kò tíì mọ orúkọ rẹ̀?" ni ọba tún bèèrè.

"Orúkọ, ó lè pa á dà. Ojú, ó lè kùn ún. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn, Kábíyèsí, kò lè bọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

Ọba rẹ́rìn-ín títí gbogbo odò fi mì. "Ẹ padà sí bodè yín. Láti òní, oníbodè tí ọwọ́ rẹ̀ bá ba aṣọ àjèjì, kó figbe ta, kó má dúró de ìpàdé. Kí àwọn àgbà máa ṣe ìpàdé tiwọn nìṣó, kí wọ́n lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ bó bá tún padà wá. Ṣùgbọ́n ìyá, igbe tí kò lópin á jó ilé wa. Bí ogun bá rọ̀, ẹ máa fọwọ́ pa ara ilé kọ̀ọ̀kan wò. Bó bá jẹ́ kìkì tiwa ló kù, ẹ dákẹ́."

Ìyá padà délé. Ó ń fọwọ́ pa ògiri, ó ń fọwọ́ pa òpó. "Tiwa ni. Eléyìí náà, tiwa ni." Ó wá dákẹ́. Iná kú, omi fà, odi padà sí ààyè rẹ̀.

Lókè, Ògúnṣínà ń họ ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Abẹ́ní, kò dùn mí mọ́ o. Ó kàn ń yún mi ni!"

Mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn oníbodè máa ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á fọwọ́ ba eruku lásán, wọ́n á figbe ta, ẹ̀yin náà á sì máa sín hàṣín, hàṣín. Òmíràn tilẹ̀ wà tó ń gbàgbé láti dákẹ́, àìsàn gidi sì nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ọgbẹ́ ti ń pọ́n, tó ń gbóná, tó ń wú, tó sì ń dun ni: igbe ìyá ni. Láti ọjọ́ náà náà sì ni ọgbẹ́ tó bá ń jinná ti ń yún ni: ọwọ́ ìyá ni, ó ń wò ó bóyá kìkì tiwa ló kù. Ògúnṣínà kọ ọ̀pẹ títí ó fi darúgbó, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì bá a dalẹ́.