Ẹ́ńjìnnì Tákísí Nínú Ọkọ̀ Pupa Fálúyì

Ní ìlú wa Ìmọ̀jò, orí òkè ni ààfin ọba wà, ìsàlẹ̀ ni àwa yòókù ń gbé. Ní ìsàlẹ̀ yìí ni Bàbá Jẹ́jẹlóyè Fálúyì kọ́ ilé sí nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀fíọ̀, ìyẹn wíwọn ilẹ̀, tó ń ṣe n'Íbàdàn. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ra ọkọ̀ pupa kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé: irú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá, oníjòkòó méjì péré, tí imú rẹ̀ gùn tí ìdí rẹ̀ sì kúrú. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnnì mẹ́fà ló bá a wáyé. Bó bá ti ń la afárá odò kọjá, àwọn tó wà lórí òkè ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, àwọn ìyá á sì ti máa pe ọmọ wọn kúrò lójú títì. Kò sí irú ọkọ̀ náà ní gbogbo agbègbè wa, a kì í sì í jẹ́ kí ará ìlú mìíràn gbàgbé.

Ilé méjì ló ń jẹ oyè Ọ̀dọ̀fin ní Ìmọ̀jò, ilé Fálúyì àti ilé Àríyọ̀. Nígbà tí Ọ̀dọ̀fin tó wá láti ilé Àríyọ̀ papòdà, ó kan Bàbá Fálúyì. Ṣùgbọ́n oyè yìí ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gun òkè lọ bá ọba ní ọjọ́ ìwúyè. Ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó sì lè gun ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹṣin náà, tàbí ọkọ̀ láyé òde òní, gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tì í, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fà á.

Wọ́n ní láyé ọjọ́un, ọkùnrin kan yá ẹṣin gun òkè náà. Ó ku díẹ̀ kó dé iwájú ọba ni ẹni tó ni ẹṣin súfèé láàárín èrò. Ẹṣin gbọ́ ohùn olúwa rẹ̀, ó yí padà, ó sì gbé olóyè tuntun sáré padà sí ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú agbádá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fura sí ẹṣin olóyè lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ jáde, kó wá súfèé. Bí ẹṣin bá dáhùn, oyè ti bọ́ sí ilé kejì lọ́wọ́ nìyẹn.

Bàbá Fálúyì ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tí Gbénró ọmọ rẹ̀ ń wà, ti Gbénró ni, òfin kò gbà á. Ọkọ̀ pupa yẹn nìkan ló jẹ́ ti bàbá fúnra rẹ̀, kò sì lówó tí yóò fi ra òmíràn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Oṣù méjì ló kù kí ọjọ́ ìwúyè pé. Bí ọkọ̀ náà kò bá gun òkè, oyè baba rẹ̀ lọ nìyẹn, kò sì sí bí ó ṣe lè rí i gbà padà kó tó kú.

Mórádékẹ́, ìyàwó Gbénró, ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló sì ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ti ń lọ gbàgúdá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ ìlú, ẹnu kò sin lára rẹ̀: irú ìyàwó wo ni epo dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ báyìí? Ọjọ́ tó tún ọkọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ṣe, tí aboyún méjì sì tipa bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà láàyè, ni ẹnu náà tó kúrò lára rẹ̀.

Mórádékẹ́ tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó sì rí i pé irin rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá irú rẹ̀ dé Ìbàdàn, ó wá a dé ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Àwọn kan kò mọ ohun tó ń wí, àwọn kan sì fi í rẹ́rìn-ín. Ó padà wá kúnlẹ̀ fún baba ọkọ rẹ̀, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí àwọn gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i. Ó ti rí ọ̀kan, onípísítìnnì mẹ́rin, nínú tákísí Ràímì. Ràímì ló máa ń kó ènìyàn àti gbàgúdá lọ́nà oko. Ìpẹtà ti jẹ ara tákísí náà tán, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le.

Bàbá Fálúyì wò ó títí. "Ìyàwó," ló wí, "ṣé o fẹ́ kí n máa fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ohùn tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ kò jáde mọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá dé egungun. Ó bínú wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó wo ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà níbi tó wà lórí búlọ́ọ̀kù, ó fi ìka tọ ojú ibi tó là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pe Mórádékẹ́, ó fún un lówó pé kó lọ ra ti Ràímì, kó ṣe é bó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò bára mu, nítorí náà Mórádékẹ́ wọn irin tuntun, ó sì dúró ti wẹ́dà títí ó fi jó o mọ́ra. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wọlé tán, ó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, imú ọkọ̀ sì gbéra sókè bí ẹni tó ń retí òjò. Ó tún tú sípíríǹgì iwájú, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi wà nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiná sí i, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbogbo ilé hó yèè. Bàbá Fálúyì nìkan ló padà wọlé. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ dárúkọ ẹ́ńjìnnì náà, "nǹkan Ràímì yẹn" ló máa ń pè é. Mórádékẹ́ ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn ún.

Ọjọ́ ìwúyè pé. Bàbá wọ agbádá òfì, ó jókòó síbi ìwakọ̀; Mórádékẹ́ jókòó tì í kó lè máa fetí sí ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará ilé Àríyọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń béèrè pé ṣé Ọ̀dọ̀fin ló ń bọ̀ ni tàbí tákísí Ràímì, kí àwọn mọ ibi tí àwọn máa gbé gbàgúdá sí. Ọkọ̀ náà kò dá wọn lóhùn, ó ń gòkè. Ó dé kọ́nà tí a ń pè ní Ẹ-Wá-Òkúta, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń yí padà sẹ́yìn tí àwọn ènìyàn á sì máa ju òkúta sídìí táyà. Àwọn géńdé mẹ́rin ti dúró níbẹ̀ pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Mórádékẹ́ ní kí bàbá fi gíà kìíní sí i, kó má sì gbẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ pupa náà tẹ orí mọ́ òkè, ó gùn ún láìdúró, ó sì fi àwọn géńdé náà sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta wọn. Kí n má parọ́, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ààfin, Bàbá Àríyọ̀, olórí ilé kejì, jáde síta, ó dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́," ló wí. "Ọkọ̀ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọkọ̀ wá kò bá ọkọ̀ wáyé. N kò ní kò rà á. Ẹṣin tí a rà lánàá ṣì mọ ohùn ẹni tó tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí Ràímì wá súfèé."

Òfin ni, ọba kò sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n pe Ràímì jáde. Ó súfèé lóòótọ́, àwọn ọmọdé sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò mira. Bàbá Àríyọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ni a fi ń pe ẹ́ńjìnnì. Ràímì yọ kọ́kọ́rọ́ tákísí rẹ̀ nínú àpò, ó gbìyànjú rẹ̀, kò wọlé. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà á. Kò kọjá Ẹ-Wá-Òkúta rí láìjẹ́ pé wọ́n tì mí. Èyí tí mo rí lónìí yìí, èmi kò mọ̀ ọ́n."

Ọba yíjú sí Bàbá Fálúyì, ó béèrè ibi tí ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ náà wáyé wà. Bàbá ní ó wà nílé. Ọba béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bàbá ní kò ṣe nǹkan kan.

"Èyí tó wà níhìn-ín ńkọ́? Kí ni ìwọ fúnra rẹ ń pè é?"

Mórádékẹ́ tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tẹ orí ba. Ó mọ ohun tí bàbá ń pè é, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, bí bàbá bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní ti Ràímì níwájú ọba, ó parí. Bàbá Fálúyì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń gbóná, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn kan péré. Ọba rẹ́rìn-ín, ó sì fi ewé oyè lé e lórí. Bàbá Àríyọ̀ alára ló kọ́kọ́ ṣí fìlà fún un.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, Ọ̀dọ̀fin tuntun kò padà síbi ìwakọ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Mórádékẹ́ lójú gbogbo ìlú, ó ní ìyàwó yìí ni yóò wa òun lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ń wádìí ní Ìmọ̀jò pé ta ló bí ẹni tó dìde gbé ẹrù ìlú, tàbí pé ibo ló ti wá, gbólóhùn tí Ọ̀dọ̀fin Fálúyì sọ níwájú ọba ni àwọn àgbà wa fi ń dá a lóhùn, pé: Ẹ́ńjìnnì tó gbé ọkọ̀ gòkè, òun lọmọ bíbí ọkọ̀.