Ihò Ara Ọgbà Ìrèké Ọ̀jẹ́wùmí

Àwọn àgbà máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá ti sin ẹlẹ́dẹ̀ rí yóò fẹ́ bá wọn jiyàn. Ẹlẹ́dẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ìgbà wo ló mọ ohun tó ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀? Bó bá rí oúnjẹ, ṣe ló ń rọ́ lù ú, kì í bèèrè ẹni tó ni ín. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ní díẹ̀díẹ̀? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ imú ni wọ́n dárúkọ, tí wọn ò dárúkọ ẹnu tó ń jẹun tàbí ẹsẹ̀ tó ń rìn? Èmi náà bèèrè títí, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni n óò sọ fún yín yìí. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Ọ̀gán, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀jẹ́wùmí. Àgbẹ̀ ni. Ó ní oko iṣu lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n ọgbà ìrèké tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Ó ri igi mọ́lẹ̀ yí ọgbà náà ká, ó fi okùn dì wọ́n mọ́ra, ìrèké inú rẹ̀ sì máa ń ga ju òrùlé lọ. Ọ̀jẹ́wùmí fẹ́ràn adùn kọjá ààlà. Bó bá jí, ẹmu àárọ̀ tí kò tíì kan ni yóò fi ṣínu. Bó bá ń mu ẹ̀kọ, oyin ni yóò dà sí i títí àwọ̀ ẹ̀kọ náà yóò fi yí padà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n kì í sùn nílé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bá a wí, yóò ní, "Ẹnu tí kò jẹ dídùn, báwo ni yóò ṣe sọ̀rọ̀ dídùn?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gba ìrèké lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Morómọkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lọ sílé ọkọ ní ìlú tó jìnnà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ láìrí ọmọ bí. Èyí nìkan ló ń ba àwọn òbí rẹ̀ nínú jẹ́. Ọ̀jẹ́wùmí a máa wí pé òun kò bẹ Ọlọ́run fún ohun púpọ̀ mọ́, kí òun ṣáà fi ojú òun rí ọmọ tí Morómọkẹ́ bá bí.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí òùngbẹ kan fi dé. Ọ̀jẹ́wùmí a mu omi, a tún mu omi, ọ̀fun rẹ̀ kò ní tutù. Bó bá mu ún tán, ìtọ̀ ló kàn. Ó ń jẹun, ó sì ń rù. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, bí ẹni tí èéfín ìdáná wà lójú rẹ̀. Àwẹ̀ró kò fura sí nǹkan kan, àfi lọ́jọ́ tó ń gbálẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀, tó rí i pé èèrà ti bo ibi tí ọkọ òun ń tọ̀ sí. Ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Abíọ́nà, arúgbó tó mọ ewé àti egbò ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú náà.

Ìyá Abíọ́nà fọwọ́ kàn án lára, ó wo ojú rẹ̀ lábẹ́ oòrùn, ó sì bèèrè ohun tó ń jẹ. Nígbà tí Ọ̀jẹ́wùmí kà á tán, ó mi orí.

"Àtọ̀gbẹ ni. Adùn tí ò ń jẹ ti pọ̀ ju ohun tí ara rẹ lè gbé."

"Kí ni oògùn rẹ̀, ìyá?"

"Mo máa fún ọ ní àgbo. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ gan-an ni oògùn. Fi oyin sílẹ̀, fi ìrèké sílẹ̀, fi ẹmu dídùn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n sílẹ̀. Dín òkèlè iyán kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Jẹ ewúro, jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹja odò. N ò ní kí ebi pa ọ́ o. Bí o bá kọ̀, ojú ni àrùn yìí máa ń kọ́kọ́ bá jà."

Ojú tó dárúkọ yìí ló wọ Ọ̀jẹ́wùmí lára. Ó délé, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àwẹ̀ró kó ìkòkò oyin jáde, ó pín in fún àwọn aládùúgbò. Ó fi okùn so ẹnu ọ̀nà ọgbà ìrèké pa, ó ní òun ni yóò máa gé e tà fún àwọn alájàpá. Lẹ́yìn èyí, ó ṣe ohun tí kò pọn dandan fún un, nítorí kò sí àìsàn kankan lára tirẹ̀. Òun náà fi adùn sílẹ̀. Ó ní kò yẹ kí òórùn dòdò máa ti inú ìkòkò òun jáde kí ọkọ òun máa gbé itọ́ mì. Inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ ewúro. Níbẹ̀rẹ̀, Ọ̀jẹ́wùmí a máa jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fi ìyà jẹ, a máa fa ojú ro. Nígbà tó ṣe, ó mọ́ ọn lára. Òùngbẹ lọ. Ẹran ara rẹ̀ padà. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó ń rìn bọ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ débi pé ó ń dá ẹyẹ mọ̀ lórí igi. Ẹ ò rí i pé ìwòsàn ni eléyìí, bí ó bá jẹ́ pé ó dúró síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìròyìn dé pé Morómọkẹ́ ti lóyún. Àwẹ̀ró sunkún ayọ̀. Ọ̀jẹ́wùmí mú àkùkọ kan àti obì, ó forí lé ilé Ìyá Abíọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kí ẹ má baà kàn pè é ní òmùgọ̀. Ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀gán, kò sí oògùn tí kì í ní èèwọ̀. Ẹni tó ń lo ti ẹ̀fọ́rí lè má jẹ epo, ẹni tó ń lo ti inú rírun lè má jẹ ilá. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ yìí lópin. Bí ara bá ti yá, aláìsàn á gbé àkùkọ àti obì lọ, oníṣègùn á gbà á, á ní kó lọ máa jẹ nǹkan rẹ̀ padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ọ̀jẹ́wùmí gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni tòun.

"Ìyá, ara mi ti yá, ọmọ mi sì ti lóyún. Mo wá kí ẹ lè gba èèwọ̀ yìí kúrò lọ́rùn mi, kí n fi adùn yọ ayọ̀ yìí."

Ìyá Abíọ́nà kò fọwọ́ kan àkùkọ náà. "Gbé e padà, Ọ̀jẹ́wùmí. Èmi kọ́ ni mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Iná ò tíì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò lè tán léèékánná. Àrùn yẹn kò lọ, ó sùn ni. Bí o ṣe ń jẹun báyìí ni wàá ṣe máa jẹ ẹ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí o ó fi darúgbó."

Ọ̀jẹ́wùmí gbé àkùkọ rẹ̀ padà sílé. Kò sọ ohun tí wọ́n bá a sọ fún Àwẹ̀ró. Inú ń bí i. Èèwọ̀ tí kò lópin, ó ní, ìyẹn kì í ṣe oògùn mọ́, ìjìyà ni. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ẹ̀yìn ọgbà, ní apá ibi tí wọn kì í ti ilé rí. Ó fa igi kan ṣoṣo yọ lára ọgbà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa ìrèké kan jáde. Oríkèé kan péré ló gé níbẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó bó o, ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ojú dídì. Ó dúró kó rí bóyá òùngbẹ yóò gbẹ òun. Òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Ó ní, "Oríkèé kan kì í pa èèyàn." Òtítọ́ ló sọ, kò pa á lóòótọ́.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Oríkèé kan di ìlàjì ìrèké. Ní ilé ọ̀rẹ́, wọ́n gbé oyin wá, kò dà á sí ẹ̀kọ, ó kàn fi ìka tọ́ ọ wò. Bó bá délé, yóò jókòó ti Àwẹ̀ró, wọn yóò jọ jẹ ewúro, Àwẹ̀ró yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún òun ní ọkọ tó ń gbọ́ràn.

Láàárín àkókò yìí, ẹlẹ́dẹ̀ Olóyèdé, aládùúgbò wọn, gbóòórùn omi ìrèké tó ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. Ó wá síbẹ̀, ó sì ti imú bọ ihò tí igi kan ti kúrò. Àwẹ̀ró rí imú náà láti inú ọgbà.

"Bàbá Morómọkẹ́, imú ẹlẹ́dẹ̀ mà ti wà nínú ọgbà wa. Ẹ bá wa dí ihò yẹn."

"Imú lásán," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Imú kì í jẹ ìrèké."

Ta ni yóò dí i? Bó bá dí i mọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó dí i mọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Àwẹ̀ró tún sọ ọ́, ó ti di orí, igi kejì sì ti yẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí ní orí kọ́ ni gbogbo ara, òun yóò dí i lọ́la. Ọ̀la yẹn ò dé.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti oko iṣu dé, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ rí i. Gbogbo ìrèké ti wó lulẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn, wọ́n ń hú gbòǹgbò. Ó sáré yí ẹ̀yìn lọ kó lè lé wọn, ó sì dé ibi ihò náà. Ó rí òkúta. Ó rí hàhá ìrèké tí wọ́n tu jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣì tutù. Lórí òkúta náà, ó rí ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí ọkọ rẹ̀ fi ń bó ìrèké.

Ọkọ rẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta wá ni mo ń bá jẹ ewúro láti ọjọ́ yìí?"

"Díẹ̀ ni mo ń jẹ, Àwẹ̀ró. Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ojú yín ńkọ́?"

Ọ̀jẹ́wùmí na ọwọ́ sí ọgbà náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nínú ọgbà yẹn," ó ní, "n ò rí i. Ìgbà tó ké ni mo tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Àwẹ̀ró fà á lọ́wọ́ dé ilé Ìyá Abíọ́nà. Arúgbó náà wo ojú rẹ̀, kò sì bú u. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà, kí wọ́n di ohun tó kù lára mú. Ọ̀jẹ́wùmí padà sídìí ewúro. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bèèrè ọjọ́ tí yóò parí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú gbòǹgbò ìrèké tó kù, ó sì gbin tẹ̀tẹ̀ sí ojú ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ń kú lọ, nígbà tí Morómọkẹ́ sì fi máa bímọ, òkùnkùn ti dé pátápátá.

Ọmọ náà ti ń dá jókòó kí ìyá rẹ̀ tó lè gbé e rin ọ̀nà jíjìn wá kí àwọn òbí rẹ̀. Obìnrin ni. Ilé kún. Wọ́n gbé e lé bàbá àgbà rẹ̀ lórí itan. Ọ̀jẹ́wùmí fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fi kan iwájú orí, ó fi kan imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ náà di ìka rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo ilé ló rí ẹ̀rín náà, àfi òun.

"Àwẹ̀ró, ta ló jọ?"

"Ẹ̀yin ló jọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Morómọkẹ́ kò lè mú un mọ́ra. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá mi, wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti fi adùn sílẹ̀, pé ara yín ti yá. Ìgbà wo lẹ wá jẹ ẹ́ tó báyìí? Ṣé kò sí ọjọ́ kan tí ẹ lè sọ pé ó tó?"

Bàbá náà kò mú ọwọ́ kúrò lójú ọmọ. Ó ní, "Kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Morómọkẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ni, ǹ bá rí i, ǹ bá lé e. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ọgbà tó ń sọ, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ọgbà ìrèké nìkan. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ilé yẹn, ó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, títí ó fi kan tèmi. Wọ́n ní Ọ̀jẹ́wùmí pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà, pé kò tún fi adùn kan ẹnu mọ́ títí tó fi kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e dé ọjọ́ ogbó. Ó gbọ́ ohùn ọmọ ọmọ rẹ̀ títí ohùn náà fi di ti ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n kò rí ojú rẹ̀ rí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, pé imú lásán ni, ẹ má bá a jiyàn nípa ìwà ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ sọ fún un pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kí ẹ sì bá a wá igi kan tí yóò fi dí ihò náà lónìí.