Apá Aṣọ Tí Ọ̀gá Ń Tún Rán

Ọkùnrin aránṣọ kan ń bẹ ní Ìkirè, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí gáréèjì. Ó mọṣẹ́, kò sì ń ṣàwàdà pẹ̀lú iṣẹ́. Orúkọ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ń pè é lẹ́yìn ni Baba Tú U. Bí o bá rán aṣọ tí kò gún, kò ní nà ọ́, kò ní bú ìyá rẹ. Yóò kàn jù ú sí ọ lẹ́sẹ̀, yóò ní, "Tú u." Wàá mú bíléèdì, wàá jókòó lójú gbogbo èèyàn, wàá tú u látòkè délẹ̀, wàá tún un rán. Bí kò bá tíì gún, o ò tíì ní relé. Àwọn tó la ibẹ̀ kọjá ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn báyìí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà nílùú náà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àkàndá níṣẹ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá kà á ní kíláàsì tán, wọ́n á mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, kí ọwọ́ wọn lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà kan ṣe mú Ìbídùn wá. Ọwọ́ òsì ọmọbìnrin yìí ti rọ láti kékeré, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Ilé iṣẹ́ kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ti fi àga kan sílẹ̀ dè é. Bó bá mọ̀ ọ́n rán, wọ́n á gbà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, yóò máa gbọ́mọ pọ̀n fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, títí tí yóò fi darúgbó.

Tíṣà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ ṣe ń kọ́ àwọn tó kù ni kí ẹ ṣe kọ́ ọ."

Ọ̀gá ní òun gbọ́. Kò gbọ́.

Lọ́jọ́ tí Ìbídùn kọ́kọ́ rán apá mọ́ ara aṣọ, ó hunjọ bí ata gbígbẹ. Ọ̀gá wo aṣọ, ó wo ọwọ́ tó rọ yẹn, àánú ṣe é. Ó ní, "Ó dára, ọmọ mi." Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó tú apá aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó tún un rán. Ó sọ ọ́ di àṣà. Ìbídùn á dé láàárọ̀, á rí aṣọ níbi tí wọ́n gbé e kọ́, tó gún régé, á máa rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Ó bí àwọn ọmọ iṣẹ́ nínú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Tiwa ni 'tú u,' tiẹ̀ ni 'ó dára, ọmọ mi.' Ọ̀gá, ọwọ́ tèmi náà fẹ́ rọ lónìí o."

Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. "Pa ẹnu ẹ dé! Ìwọ ò tiẹ̀ láàánú lójú." Inú rẹ̀ sì ń dùn sí ara rẹ̀. Ó ka ọmọ náà mọ́ oore tó ń ṣe láyé.

Ọjọ́ kan ni alábòójútó ilé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù yà wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rán apá kan kí n rí i." Ìbídùn kò tilẹ̀ bẹ̀rù. Ó jókòó, ó rán an, ó gbé e fún un tẹ̀ríntẹ̀rín.

Obìnrin náà nà án wò. "Kí lèyí?"

"Bí mo ṣe máa ń rán an nìyẹn, mà. Ó sì máa ń dára."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ dojú bolẹ̀. Ìbídùn wò wọ́n, ó wo ọ̀gá. "Ọ̀gá, ta ló ń tún un rán?"

"Àánú rẹ ló ń ṣe mí, ọmọ mi."

"Ṣé àánú yẹn ni yóò bá mi jókòó síbi iṣẹ́ wọn?"

Obìnrin náà ní òun á padà wá bí sáà kọ́lẹ́ẹ̀jì bá parí, pé àga kò ní dúró jùyẹn lọ. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìbídùn nu ojú. Ó gbé apá aṣọ náà síwájú ọ̀gá. "Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ń sọ fún wọn."

Ọ̀gá mú aṣọ náà, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Tú u."

Ìbídùn fi eyín di aṣọ mú, ó fi ọwọ́ kan tú u. Ó rán an, ó tún hunjọ. "Tú u." Ọjọ́ gorí ọjọ́. Ibi tí apá ti ń yí ni aṣọ ti ń sá fún un, torí kò sí ọwọ́ kejì tí yóò dì í mú. Lẹ́yìn tó ti tú u títí, ó rọ yanrìn sínú àpò kékeré kan, ó gbé e lé etí aṣọ kó má baà sá mọ́. Ọ̀gá kọ́ ló kọ́ ọ ní ìyẹn. Ọ̀gá gan-an kò mọ irú ẹ̀. Ọwọ́ kàn ń yún ún láti ràn án lọ́wọ́ ni, ó sì kó ọwọ́ náà sápò.

Sáà parí, obìnrin náà dé. Ìbídùn rán apá méjèèjì lójú rẹ̀. Obìnrin náà yí inú aṣọ síta, ó fà á, kò já, kò hunjọ. Kò yìn ín. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀. Má pẹ́ o."

Ìwọ tí wọ́n mú ọmọ àkàndá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, ìwọ ni mo ń bá wí. Má máa bá a ṣe é lẹ́yìn kí o tún máa yìn ín lójú. Olè nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ lò ń jí. Bí kò bá dára, sọ fún un pé kò dára, kí o jókòó tì í títí yóò fi dára. Ọ̀la kọ́, lónìí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.