Kànga Tí Láṣebìkan Kò Sàmì Sí

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, òjò tó rọ̀ mọ́jú ṣì ń kán lára ewé, nígbà tí Láṣebìkan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jẹ́dòkun, gbéra lọ sóko. Omi ti bo ojú ọ̀nà, ni wọ́n bá gba inú ahoro kọjá. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú, àbúrò ń tẹ̀ lé e.

Láṣebìkan ni agbẹ́kànga abúlé Òkè-Àràbà. Àṣà iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tí kànga bá bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ yóò fi igi àti erùpẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, yóò sì gbin pèrègún yí i ká, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ̀. Láṣebìkan ti gbẹ́ ọ̀kan sínú ahoro yìí rí. Yanrìn ń ya lulẹ̀, kò sì kan omi. Ó dí i, àmọ́ kò gbin nǹkan kan.

Nígbà náà, Ọ̀jẹ́dòkun bi í pé, "Pèrègún dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí àwọn èèyàn máa nàka sí i pé iṣẹ́ tó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn? Ẹ̀bá igi ayùnrẹ́ ló wà. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí."

"Tí o kò bá sí nílé ńkọ́? Ṣé orí rẹ la ó máa gbé kiri?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́, ikán jẹ igi abẹ́ erùpẹ̀, koríko sì bo gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ òjò yìí, àyà Láṣebìkan já. "Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n mi. Kànga yẹn ò jìnnà síbí."

"Apá ibo?"

"Ẹ̀bá igi ayùnrẹ́."

Ọ̀jẹ́dòkun wò yíká. "Igi wo? Àwọn eléèédú ti gé e tipẹ́. Háà, agbẹ́kànga tí kànga sọnù mọ́ lọ́wọ́!"

"Ó jọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ yà sósì."

Ọ̀jẹ́dòkun yà sósì. Ilẹ̀ lanu.

Láṣebìkan pè é títí, ìró yanrìn tó ń ya nìkan ló ń gbọ́. Nígbà tí àwọn ará abúlé fi okùn fà á jáde, ẹ̀mí ti bọ́.

Ìyàwó olóògbé kò tíì sunkún. Ó kọjú sí Láṣebìkan, ó ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ mọ ibẹ̀ ni, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?"



Bí wọ́n ti sin òkú tán, Láṣebìkan gbé àdá, ó gé pèrègún, ó gbìn ín yí kòtò náà ká. Ó ru ìyókù lọ síbi àwọn kànga mìíràn tó ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.